Àmì Kì í Ṣe Okùnfà: Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ọ́tísíìmù, Ìtọ̀ Ọmọdé àti Bakitéríà Ìfun

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu láàrin àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, ìbéèrè tí ó sábà máa ń gba àkókò jù ni bí ọ̀rọ̀ tuntun yóò ṣe bá òfin gírámà mu. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Àwọn olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ lò wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ tuntun yóò ṣe rí lẹ́nu nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, àti ohun tí ìyá ọmọ yóò lọ ṣe nígbà tí ó bá gbọ́ ọ tán, kò tíì rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ báyìí tí ó ń béèrè pé kí ìbéèrè kejì yìí ṣíwájú èkíní. Òun ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, pẹ̀lú ìwádìí tí ó ti ń lọ fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún lórí ohun tí ó wà nínú ìtọ̀ wọn àti lórí àwọn bakitéríà tí ń gbé inú ìfun wọn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, ìrìn ẹsẹ̀ ni Bàrígà wà. Ṣómólú, tí wọ́n ti inú rẹ̀ yọ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà ní 2003, kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ní Akọkà kan náà ni ilé-ìwé Modupe Cole wà, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ akàndá. Yorùbá ni èdè ọjà àti èdè àgbàlá ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n wà ní etí ọ̀sà pàápàá ń fi í bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni nọ́ọ̀sì fi kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni yóò fi ṣàlàyé fún ìyá tí ó gbé ọmọ wá. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé kò bá pèsè ọ̀rọ̀ fún un, kò ní dákẹ́. Yóò pèsè tirẹ̀ lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí a ń pè ní ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tí ó ń wọ ọmọ lára bí ibà. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ ń gbà dàgbà ni ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyàtọ̀ náà a sì máa hàn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ sísọ lè pẹ́ kí ó tó dé, tàbí kí ó má tilẹ̀ dé. Ọmọ náà lè má fẹ́ wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Ó lè máa ṣe ohun kan náà léraléra. Oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta péré lè jẹ́ gbogbo ohun tí yóò gbà kí ó kan ẹnu òun. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ará ilé kò tilẹ̀ gbọ́ mọ́ lè máa dun òun bí ẹgba. Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 1911, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríkì tí ó túmọ̀ sí ‘ara ẹni’, ṣùgbọ́n ìwà àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní àrùn ọpọlọ ni ó ń fi í júwe. Leo Kanner ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ni ó wá ya ọ̀rọ̀ yìí lò fún àwọn ọmọ 11 kan nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1943. Hans Asperger ní Vienna sì kọ tirẹ̀ ní 1944. Ó yẹ kí atúmọ̀-èdè fi èyí sọ́kàn: àyálò ni ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé pàápàá, ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kò sì bá ọmọ tí wọ́n fi ń pè mu tán.

Àwọn kan ṣì ń pè é ní àìsàn òyìnbó. Ní 1978 ni Victor Lotter ti tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọ́tísíìmù lára àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ohun tí kò sí ní Nàìjíríà ni orúkọ tí kì í dájọ́. Orúkọ tí àdúgbò ti ní nílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n: ọmọ ẹ̀mèrè, odi, dìndìnrìn, ọmọ tí wọ́n ti pààrọ̀, ọmọ tí ayé ti fọwọ́ kàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti sọ ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ. Nínú ìwádìí tí Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009, a rí lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá tí wọ́n gbà pé agbára tí ó ju ti ẹ̀dá lọ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé gbòǹgbò Gíríkì yóò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ bí àdáwà sílẹ̀, tàbí kí ó sọ pé àrùn ìdánìkanwà. Gírámà kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àpólà ìṣe ni, bí a ti ń ṣe ẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ lójoojúmọ́. Ìtumọ̀ ni ó burú. Ẹni tí ó dá wà, lójú Yorùbá, ni ó yàn bẹ́ẹ̀, tàbí ìwà rẹ̀ ni ó lé ènìyàn sá. Nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú sí ara wọn ní Bàrígà, tí ẹnu ọ̀nà kan àti ilé ìdáná kan jẹ́ ti gbogbo ayálégbé, wọn yóò ní ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìgbéraga. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù ni ó ń fẹ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà bá a pàdé ni ó le fún wọn.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àyálò fi sàn jù níhìn-ín. Ọ́tísíìmù tilẹ̀ ní àǹfààní kan tí onímọ̀ fonọ́lọ́jì yóò tètè rí. Ọ̀rọ̀-orúkọ àbínibí Yorùbá tí fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ní ohùn òkè lórí fáwẹ̀lì náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ibòmíràn wá ni ó ń ní in, bí áńgẹ́lì àti ọ́fíìsì. Ohùn òkè yìí dà bí ilà ojú àjèjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ́tísíìmù yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni, yóò sì béèrè pé kí ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni a ń fẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘ọmọ ẹ̀mèrè’ kì í béèrè nǹkan kan. Ó rò pé òun ti mọ̀.

Ó wọ́pọ̀ kí àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ máa ya orúkọ kẹ́míkà lò, kí wọ́n sì máa wá orúkọ Yorùbá fún àìsàn. Nínú ọ̀ràn yìí ó yẹ kí a yí i padà. Orúkọ ipò ọmọ ni kí a yá. Iṣẹ́ kẹ́míkà inú ara ni Yorùbá ti ní ohun èlò fún, nínú ilé ìdáná.

Àpẹẹrẹ ohun tí orúkọ kánjúkánjú lè dá sílẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí éèdì dé ní àwọn ọdún 1980, àwọn ènìyàn wá orúkọ fún un, wọ́n sì rí i: àrùn kògbóògùn. Ó dùn létí, ó rọrùn láti pè, ó sì bá ìmọ̀ ìgbà náà mu. Ṣùgbọ́n láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn tí ń dá kòkòrò HIV dúró ti wà láyé, ó sì ti dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Aláìsàn tí ó di oògùn rẹ̀ mú lọ́wọ́, tí rédíò sì ń sọ fún un pé àrùn rẹ̀ kò gbóògùn, èwo ni kí ó gbà gbọ́? Èyí tí wọ́n yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, nítorí pé bí wọn kò bá fi àmì ohùn sí éèdì, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí èèdì tí àwọn ọ̀tá ń di fún ènìyàn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá ṣe àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí lórí HIV, éèdì àti Ebola ní Hausa, Igbo àti Yorùbá. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti àkọ́kọ́ ti ta gbòǹgbò kí ó tó dé.

Ní ti ìtọ̀, Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú kí a wo ìtọ̀ mọ àìsàn. Àtọ̀gbẹ ń bẹ, àti ìtọ̀ ṣúgà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Ṣómólú. Àwọn àgbà tí kò rí ilé àyẹ̀wò rí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí bí èèrà bá ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí. Síbẹ̀ ṣúgà inú ìtọ̀ kọ́ ni ó fa àtọ̀gbẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti pọ̀ jù kí ó tó dà sínú ìtọ̀. Àmì ni.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ìtàn kan wà tí ó mú kí àwọn oníwádìí ní ìrètí lórí ìtọ̀ ọmọdé. Ní Norway ní 1934, Asbjørn Følling gba ìtọ̀ àwọn ọmọ méjì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, tí ọpọlọ wọn kò dàgbà bí ó ti yẹ. Ó kán kẹ́míkà kan tí a ń pè ní ferric chloride sí i, ìtọ̀ náà sì di àwọ̀ ewé. Láti ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ara àwọn ọmọ náà kò lè yí èròjà oúnjẹ kan, phenylalanine, padà bí ó ti yẹ. Ní 1953, Horst Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham fi hàn pé oúnjẹ tí èròjà yìí kò pọ̀ nínú rẹ̀ lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, a ń yẹ ọmọ tuntun wò fún àìsàn náà kí ó tó ba ọpọlọ jẹ́. Ìtọ̀ ni ó la ọ̀nà náà. Ta ni kò ní fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ́tísíìmù?

Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn oníwádìí tí Jeremy Nicholson ti Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára wọn rí i pé ìwọ̀n àwọn èròjà kan, hippurate wà lára wọn, yàtọ̀ nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù. Ní 2011, ẹgbẹ́ Antonio Persico ní Ítálì fi ìtọ̀ ọmọ 59 tí ó ní ọ́tísíìmù wé ti ọmọ 59 tí kò ní in, wọ́n sì rí i pé èròjà p-cresol pọ̀ jù nínú ti àwọn tí ó ní in, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì ju 7 lọ. A tún rí irú rẹ̀ ní Faransé ní 2014. Ara ènìyàn kì í ṣe p-cresol. Bakitéríà inú ìfun, irú Clostridioides difficile, ni ó ń ṣe é láti inú èròjà tyrosine tí ó wà nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e, ẹ̀dọ̀ a ṣiṣẹ́ lé e lórí, kíndìnrín a sì sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Nípa báyìí ni ìtọ̀ ọmọ fi ń ròyìn ohun tí ń lọ nínú ìfun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2016 àwọn ará Ítálì kan náà tẹ àbọ̀ mìíràn jáde: ọmọ tí ìgbẹ́ ń pẹ́ nínú ìfun rẹ̀ ni p-cresol rẹ̀ ń pọ̀. Àìrí ìgbẹ́ yà dáadáa sì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù. Ohun tí ó kọ́kọ́ dà bí àmì ọpọlọ wá di, ó kéré tán ní apá kan, àmì ìfun tí ó di.

Ìmọ̀ mìíràn tilẹ̀ ti wó pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ń sọ pé èròjà bí ti ópíọ̀mù, láti inú wàrà àti àlìkámà, wà nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn òbí sì ń tìtorí rẹ̀ gba búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́wọ́ ọmọ tí oúnjẹ tí ó ń jẹ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2008, ìwádìí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá èròjà náà nínú ìtọ̀, kò sì rí i.

Kí ni kí a wá pe àwọn ohun tí a ń rí nínú ìtọ̀ wọ̀nyí? Ọ̀rọ̀ tí ó yára jù dé ẹnu ni ìdọ̀tí ara. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí ó sì burú jù ú lọ, ni májèlé. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá kan pé májèlé wà nínú ìtọ̀ ọmọ rẹ̀, ohun méjì ni yóò bá a lọ sílé: ta ni ó fún ọmọ mi ní májèlé jẹ, àti àgbo wo ni yóò fọ̀ ọ́ jáde. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kò wọ́n ní Bàrígà. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò lè sọ pé inú ń run òun ni yóò mu ún.

Ilé ìdáná ni ìdáhùn wà. Bí obìnrin bá rẹ àgbàdo, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sì sẹ́ ẹ, ohun mẹ́ta ni yóò rí: ògì, omídùn àti èérí. Kò sí ọ̀kan tí a ń pè ní májèlé nínú wọn. Èérí pàápàá, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Àbájáde iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Bí omídùn bá yàtọ̀ lónìí sí ti àná, àgbàdo tàbí ìkòkò tàbí ọjọ́ tí ó fi wà nínú omi ni obìnrin náà yóò wò. Èròjà-àbájáde ni ó yẹ kí a máa pe ohun tí ara, tàbí bakitéríà inú ara, sọ oúnjẹ dà. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì ní kí wọ́n fọ nǹkan kan jáde.

Kòkòrò ni ọ̀rọ̀ tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Aáyán ni kòkòrò, ìdin ni kòkòrò, ohun tí ń fa onígbáméjì náà ni kòkòrò; kòkòrò àìfojúrí ni ìwé ìlera ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún onígbáméjì. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún Yorùbá pé kí ó ṣe: kí ó pa á. Kódà oògùn tí a ń fín sí ara ẹ̀wà nínú àká àti èyí tí dókítà ń kọ fún àkóràn, apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àwọn méjèèjì. Bí ìyá bá gbọ́ pé kòkòrò wà nínú ìfun ọmọ rẹ̀, oògùn aràn ni yóò kọ́kọ́ rà. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, kò sí òpópónà kan ní Ṣómólú tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti lè ra Flagyl láìsí ìwé dókítà.

Ìwádìí kan wà tí atúmọ̀-èdè aláìfarabalẹ̀ lè fi ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 2000, ní Chicago, wọ́n fún ọmọ 11 tí ọ̀rọ̀ wọn ti padà sẹ́yìn ní vancomycin fún ọ̀sẹ̀ 8. Púpọ̀ nínú wọn yá gágá sí i. Lẹ́yìn tí oògùn náà tán, èrè náà wọmi. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà fúnra wọn kò sọ pé kí a máa lo oògùn náà fún ìtọ́jú. Ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe. Bí a bá wá túmọ̀ rẹ̀ pé ‘apakòkòrò wo ọmọ ọ́tísíìmù sàn’, irọ́ ni gbólóhùn náà ní gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a sọ pé ẹ̀dá àìfojúrí. Ìyẹn náà kò ṣe é gbọ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dá àìfojúrí wà nínú ọmọ tí kì í fọhùn ti rán ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìyọnu-ẹ̀mí-òkùnkùn kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a máa sọ pé bakitéríà inú, nítorí pé inú ní èdè Yorùbá ju ikùn lọ: ibẹ̀ ni ayọ̀, ìbínú àti ìkà ń gbé. Ọmọ tí a bá ní inú rẹ̀ kò dára ti di ọmọ burúkú. (Àwọn kan ti ń fi èyí yangàn pé baba ńlá Yorùbá ti mọ̀ pé ìfun àti ọpọlọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà fi ìgboyà sínú ìfun, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní sáyẹ́ǹsì.) Ìfun ni kí a mú, kí a sì fi inú sílẹ̀ fún ìwà.

Fún ẹyọ ohun abẹ̀mí náà, bakitéríà tó. Fún gbogbo wọn lápapọ̀, tí wọ́n ń gbé inú ìfun ènìyàn láti ọjọ́ tí a ti bí i, ará-ìfun dára, bí a ti ń sọ pé ará ilé àti ará àdúgbò. Ará àdúgbò ń pọ̀, ó ń dín, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ tí ilé ń jẹ, àwọn kan ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í tìtorí aláriwo kan dáná sun àdúgbò. Obìnrin tí ń ṣe irú mọ ohun kan náà láìlo ẹ̀rọ kankan. Bacillus subtilis ni ó ń sọ igbá tí a sè di irú, bakitéríà onílaktíìkì ni ó ń mú kí ògì kan. Kò fojú rí wọn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ewé wọn nù, tí òun sì fi omi gbígbóná fọ gbogbo igbá ìkòkò, irú náà kò ní ṣe bí ti tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ará-ìfun láti ibi irú àti ògì kò ní nílò kòkòrò rárá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù, òun ni ó sì ń bọ́ sọnù jù, nítorí pé àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí máa ń rò pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni iṣẹ́ wọn. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ kan wà tí a fi ń sọ pé a rí ohun méjì pọ̀, láìsọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Báwo ni Yorùbá ṣe ń sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ń kọ ‘ní í ṣe pẹ̀lú’. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé lágbájá ní í ṣe pẹ̀lú owó tí ó sọnù, ọlọ́pàá yóò mú lágbájá. Àwọn mìíràn ń kọ ‘bá a rìn’. Àwọn wọ̀nyí ti gbàgbé àgùntàn tí ó bá ajá rìn. Èyí tí ó burú jù ni gbólóhùn àtẹnumọ́: ‘bakitéríà ni ó fà á’. Ẹ̀yán ni yìí láàrin gbogbo ohun tí ó lè fà á. Ó yọ oyún, ẹ̀jẹ̀ ìdílé, oúnjẹ àti gbogbo ìyókù dànù, ó ku ẹlẹ́bi kan ṣoṣo. Kò sí oníwádìí kan tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Jọ wà ni ó yẹ kí a lò: ‘p-cresol púpọ̀ àti ọ́tísíìmù jọ wà lára àwọn ọmọ kan’. Jọ kò sọ ju pé àwọn méjì wà níbi kan. Àjọwà ni ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì, lẹ́yìn àmì ni okùnfà, kí ẹnikẹ́ni má sì fo ọ̀kan nínú wọn.

Ìdí tí èyí kì í fi ṣe ọ̀rọ̀ aláríwísí lásán ni ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ọsirélíà ní 2021. Wọ́n yẹ ará-ìfun àwọn ọmọ 247 wò, 99 nínú wọn ní ọ́tísíìmù. Ìyàtọ̀ tí ó ti ọ́tísíìmù gan-an wá kò tó nǹkan. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ń jẹ oúnjẹ tí kò ní oríṣiríṣi, oríṣi ará-ìfun wọn sì dín kù nítorí oúnjẹ náà. Ọfà náà yí orí padà. Ọmọ tí kì í jẹ ju Indomie àti búrẹ́dì funfun lọ yóò ní ará-ìfun tirẹ̀; bí a bá ní ará-ìfun náà ni ó mú kí ó má sọ̀rọ̀, a ti gbé ẹrù sí orí ẹni tí kò rù ú.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Ítálì kọ́ ni ọmọ Bàrígà. Funmilola Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2018 pé ará-ìfun àwọn Bassa tí wọ́n ń gbé ìgbèríko kò rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tí ń gbé ìlú ńlá ní Nàìjíríà níhìn-ín. Bí inú orílẹ̀-èdè kan bá lè yàtọ̀ tó báyẹn, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣọ́ra kí ó tó lo ‘ó pọ̀ jù’ tàbí ‘ó kéré jù’ fún ìtọ̀ ọmọ tí ó jẹ ẹ̀bà àti ẹja lánàá. Àwọn iléeṣẹ́ wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ta àyẹ̀wò ìtọ̀ fún àwọn òbí, tí wọ́n sì ń fi àmì pupa sí èyí tí ó kọjá ìwọ̀n. Ìwọ̀n ta ni? Nínú ìtumọ̀ Yorùbá, ó yẹ kí orúkọ àwọn ọmọ tí a fi ṣe òdíwọ̀n wà nínú gbólóhùn náà: ‘ó ju ti àwọn ọmọ Ítálì tí a yẹ̀ wò lọ’. Ó gùn, ó sì jẹ́ òtítọ́.

Ó ku iṣẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Gbogbo Nàìjíríà ni ó mọ Ṣómólú fún ìwé títẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn ìjọ àti ìwé ìléwọ́ ti ń jáde. Ìwé ìléwọ́ tí yóò bá ìyá nílé lórí ọ́tísíìmù, bóyá ibẹ̀ ni yóò ti jáde. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, bí wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ Yorùbá, ìtọ̀ àti itọ́ di ọ̀kan náà: ìyá tí a ní kí ó gba ‘ito’ ọmọ sínú ike lè mú ike itọ́ ẹnu wá. Ọpọlọ ọmọ yóò sì di ọ̀pọ̀lọ́ létí odò. Kọ̀ǹpútà tí ó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù náà báyìí lè tẹ gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tí Yorùbá nílò. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó ti atẹ̀wé, tí yóò ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Yunifásítì tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kò ju ìrìn ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ sí ibẹ̀.